Òdòdó ọgbà tó ń tàn lábẹ́ UV lóru: báwo lẹ ṣe ń yà á?

Ọmọ Ọlọ́gbà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ sú mi, ló jẹ́ kí n gbé e wá síbí. Mo máa ń rí àwòrán òdòdó tí wọ́n yà lóru lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì UV (ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú lásán kò rí): àárín òdòdó á máa dán bíi wúrà, ewé á pọ́n bí ẹyin iná, àfi bíi pé wọ́n tan fìtílà sínú igi náà. Èmi náà bá ra tọ́ọ̀ṣì UV, mo gbé kámẹ́rà, ó di inú ọgbà lálẹ́ àná. Àwòrán mẹ́tàdínlógójì ni mo yà. Gbogbo wọn ló jáde ní elésè àlùkò! Òdòdó elésè àlùkò, ewé elésè àlùkò, ògiri ẹ̀yìn wọn náà elésè àlùkò. Ẹ ó rò pé ẹnìkan da aró sí ojú lẹ́ńsì mi.

Kámẹ́rà lásán ni tèmi, ẹnikẹ́ni ò tú inú rẹ̀ rí. Lẹ́ńsì 50mm ló wà lórí rẹ̀. ISO 3200 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/2.8 (bí ẹnu lẹ́ńsì ṣe là tó), ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara tọ́ọ̀ṣì náà kò kọ nǹkan kan ju "UV" lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó tà á fún mi ní 365 ni. Ṣé kámẹ́rà ló kù díẹ̀ káàtó ni, àbí tọ́ọ̀ṣì, àbí ọwọ́ èmi fúnra mi?

Ayàwòrán Àgbà

Àbúrò, fi kámẹ́rà sílẹ̀, kò jẹ̀bi. Oríṣi àwòrán méjì làwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Nínú ọ̀kan, UV fúnra rẹ̀ ni kámẹ́rà ń yà bó ṣe ń ta padà lára òdòdó. Ìyẹn ló ń béèrè pé kí wọ́n tú kámẹ́rà, kí wọ́n yọ gíláàsì tó ń dí UV kúrò nínú rẹ̀. Tiwa yìí yàtọ̀. Òdòdó ń gbé UV mì, ó wá ń tu ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde, èyí tí ojú lásán ń rí. Fluorescence ni wọ́n ń pè é. George Stokes ló fún un lórúkọ yẹn ní 1852, òun náà ló sì ṣàlàyé pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde máa ń gùn ju ti èyí tó wọlé lọ. Bí UV tí a kò rí ṣe ń di ìyeyè tàbí pupa tí a rí nìyẹn. Kámẹ́rà èyíkéyìí tó bá lè la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lè yà á.

Ibi tí wàhálà rẹ wà ni pé ìmọ́lẹ̀ tí òdòdó ń tu jáde yìí kéré, ó kéré gan-an. Bí tọ́ọ̀ṣì rẹ bá ń tú elésè àlùkò pọ̀ mọ́ UV, díẹ̀ péré tó bá ta padà sínú lẹ́ńsì ti tó láti bo gbogbo ohun tí òdòdó fẹ́ fi hàn ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì lo nílò. Ìkìíní wà lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì: UV nìkan ni kó jáde níbẹ̀. Ìkejì wà lẹ́nu lẹ́ńsì: kí UV má wọlé, kí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí nìkan wọlé. Ní báyìí, gbayawu ni gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ wà.

Oníná

Ẹ̀gbọ́n ti la ọ̀rọ̀ yẹn yé wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti tọ́ọ̀ṣì kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára tọ́ọ̀ṣì UV, gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni, ní nanómítà. Èyí tó kún ìgboro ni 395, bèbè ibi tí ojú èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ríran ló sì wà. Ìdí nìyẹn tó fi ń tú elésè àlùkò jáde rẹpẹtẹ. 365 ni kí o wá. Síbẹ̀, 365 náà kò mọ́ tán: ìmọ́lẹ̀ funfun ṣíṣú kan ṣì máa ń yọ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Gíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní ZWB2, ó dúdú bí kóró iṣin. Ó ń jẹ́ kí UV kọjá, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn dúró. Òun ni ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń wí. Tọ́ọ̀ṣì Convoy S2+ tó ní LED Nichia 365 ni ọ̀pọ̀ lára wa ń lò, torí fílítà yẹn wọ ẹnu rẹ̀ bí ìdérí ṣe ń wọ ìkòkò. Bí o bá sì tan án pẹ́, á gbóná, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Máa pa á láàárín àwòrán kan sí òmíràn, kó sinmi.

Ti ẹni tó tà á fún ẹ, má fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ìdánwò ṣíbí ni kí o ṣe. Mú ṣíbí irin tó mọ́, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, yà wọ́n pọ̀. Irin kì í tu ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ jáde lábẹ́ UV, ńṣe ló kàn ń dá èyí tó bá bà lé e padà. Tí ṣíbí bá jáde ní dúdú nínú àwòrán, á jẹ́ pé ohun tí o rí lára òdòdó, ti òdòdó ni. Tó bá ń dán ní elésè àlùkò tàbí búlúù, ìlẹ̀kùn kan ń jò. Láti mọ èwo nínú méjèèjì: fi ojú ara rẹ wo ṣíbí náà, pẹ̀lú awò ààbò lójú o. Bí ojú rẹ bá rí elésè àlùkò yẹn, tọ́ọ̀ṣì ló ń jò. Bí ojú rẹ kò bá rí i, tí kámẹ́rà wá rí i, UV ló ń gba ẹnu lẹ́ńsì wọlé.

Mo sọ pé awò ààbò. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Iná funfun tó bá le, ojú á pa dé fúnra rẹ̀, ẹ ó sì yí orí kúrò. UV kò ní í ta yín lójú bẹ́ẹ̀, ojú ò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé nǹkan kan ń wọlé. Awò polycarbonate (ike líle) aláìláwọ̀ tí wọ́n kọ UV400 sí ni kí ẹ lò. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì náà sí ojú ọmọdé tàbí ẹran ọ̀sìn, ẹ má sì jẹ́ kó máa bà lé ọwọ́ yín fún ìgbà pípẹ́. Awò yẹn tún ní èrè kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: UV tó bá wọ ojú máa ń jẹ́ kí inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ tàn díẹ̀, gbogbo nǹkan á wá dà bíi pé kùrukùru bò ó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ awò, kùrukùru náà ṣí, mo wá rí i pé gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń bú lẹ́ńsì mi láìṣẹ̀.

Fóònù Ni Mo Ní

Orúkọ mi ti sọ ìbéèrè mi. Ṣé kí n máa lọ ni, àbí ẹ ṣì rí nǹkan fún mi?

Ojú Lóru

Jókòó, kò sẹ́ni tó lé ẹ. Bí fóònù rẹ bá ní ibi tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ yan àkókò, yan ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ọgbọ̀n, ISO 200 tàbí 400, kí o dè é mọ́ tripod (igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta), kí o sì lo aago inú rẹ̀ tí ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà á, kí ìka rẹ má baà mì ín. Pa fíláàṣì. Èyí tí fóònù ń ṣe fúnra rẹ̀ lóru máa ń yà á náà, ṣùgbọ́n á máa fọgbọ́n orí rẹ̀ tún àwọ̀ ṣe, pupa ewé á di búráwùn lójú rẹ. Ti kámẹ́rà ńlá náà kì í ṣe idán: ohun tó fi jù ẹ́ lọ ò ju pé ojú rẹ̀ tóbi lọ.

Ohun tí gbogbo yín ò tíì mẹ́nu bà ni òkùnkùn. Ìta la wà, a ò sí nínú yàrá. Ní alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú, ẹ lọ sùn. Iná òpópónà tó wà lẹ́yìn ògiri, iná fèrèsé, bọ́ọ̀bù kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ, gbogbo wọn ni kámẹ́rà tó la ojú sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá ń kó jọ. Kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì rárá, ẹ ya àwòrán kan pẹ̀lú ètò kan náà tí ẹ fẹ́ lò. Dúdú biribiri ló yẹ kó jáde. Bí ẹ bá rí òjìji ewé nínú rẹ̀, iye ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni yóò wọ inú gbogbo àwòrán yín lóru ọjọ́ náà. Èmi máa ń gé páálí ńlá kan tí mo kùn dúdú, mo ń gbé e sí ìhà ibi tí iná ti ń wá. Ó ń dí afẹ́fẹ́ náà.

Ti afẹ́fẹ́ wá ni o! Ohun tó ń fọ́ orí mi jù nìyẹn. Afẹ́fẹ́ lẹ́lẹ́ tí ara yín ò gbọ́, òdòdó gbọ́ ọ. Kàkà kí n ya àwòrán kan fún ìṣẹ́jú àáyá méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́jọ ni mo ń yà, mẹ́rin-mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, lẹ́yìn náà ni mo ń to wọn lé ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tí òdòdó bá ti mì nínú rẹ̀, mo jù ú nù.

Ayàwòrán Àgbà

Ojú Lóru, níbi tíwọ ti ń to mẹ́jọ lé ara wọn, èmi ò lè tẹ̀ lé ẹ débẹ̀. Ìdùnnú iṣẹ́ yìí fún mi ni kí n la ojú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan, kí n máa fi tọ́ọ̀ṣì kun òdòdó bí ẹni ń kun ilé: díẹ̀ láti òsì, díẹ̀ láti ọ̀tún, díẹ̀ láti òkè, èyí tó kéré jù láti ẹ̀yìn kí etí òdòdó lè yọ. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró sójú kan, torí ibi tí tọ́ọ̀ṣì bá dúró sí ni yóò funfun jù. Mẹ́rin-mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá tìrẹ yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa yàtọ̀ síra.

Afẹ́fẹ́? Mo máa ń gún igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, mo ń fi kílíìpù onígi mú ọrùn rẹ̀ mọ́ igi náà níbi tí kámẹ́rà ò ti ní í rí i. Kílíìpù oníke máa ń tàn ju òdòdó lọ nígbà mìíràn, ẹ ṣọ́ra. Lẹ́yìn náà, mo ń dúró. Afẹ́fẹ́ máa ń mí, ó sì máa ń sinmi.

Ètò tèmi rèé fún ẹni tó bá fẹ́ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀: ISO 400, f/8, ìṣẹ́jú àáyá ogún, tọ́ọ̀ṣì ní nǹkan bí ìdajì mítà sí òdòdó. Bí o bá gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn lọ sí mítà kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ yẹn ló kù fún ẹ, nítorí náà ogún á di ọgọ́rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sún mọ́ ọn. Ya á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Má jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan white balance (ìwọ̀n àwọ̀ tó ń fi mọ ohun tó funfun) fúnra rẹ̀, torí kò mọ ohun tó ń wò. Gbé e sí ti ọ̀sán gangan, bíi 5500K, kó sì dúró síbẹ̀ fún gbogbo àwòrán, kí o lè fi ọ̀kan wé èkejì. Fún ojú lẹ́ńsì (focus), tan tọ́ọ̀ṣì funfun sí òdòdó, jẹ́ kí kámẹ́rà rí i kedere, kí o wá yí i sí èyí tí a ń fọwọ́ ṣe kó má baà tún máa wá a kiri nínú òkùnkùn.

Ìlẹ̀kùn kejì, ti ẹnu lẹ́ńsì: kámẹ́rà òde òní fúnra wọn ń dí púpọ̀ nínú UV, nítorí náà ti tọ́ọ̀ṣì ni kí o kọ́kọ́ wá. Bí ṣíbí bá wá fi hàn pé lẹ́ńsì ń jò, kì í ṣe gbogbo fílítà tí wọ́n kọ "UV" sí ló ń dí 365 dáadáa. Zeiss T* UV ń dí i. Èyí tó ń dí infrared (ìmọ́lẹ̀ ìkọjá pupa tí ojú kò rí) pọ̀ mọ́ UV máa ń jẹ lára pupa ewé. Fílítà yòówù tó jẹ́, tan tọ́ọ̀ṣì UV rẹ sí i kí o tó lò ó. Bí òun fúnra rẹ̀ bá tàn, dá a padà sínú àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má tan UV sí ojú lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́, gíláàsì inú rẹ̀ lè tàn, àwòrán á wá rí bí ẹni pé èéfín wọ̀ ọ́.

Ojú Lóru

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí kíkùn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọgbà mi níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, ká wá jọ mọ ẹni tí yóò sùn kó tó rí àwòrán kan mú lọ ilé.

Ìyá Ewéko

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Kámẹ́rà kọ́ ni mo mọ̀, òdòdó ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ó bá pàdé nígbà tí kámẹ́rà bá ti gbọ́ràn.

Ẹ má retí kí gbogbo òdòdó tàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pupa fòò lọ́sàn-án máa ń ṣókùnkùn bí èédú. Àwọn funfun náà máa ń já èèyàn kulẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn ń gbé UV mì láìtu nǹkan pàtàkì kan jáde. Lẹ́búlẹ́bú àárín òdòdó ni kí ẹ máa wá. Òun ló ń tàn jù, ibi tó bá sì ti ta sí lórí ewé òdòdó ni ẹ ó ti rí i bí ẹní fọ́n ìràwọ̀. Ti hibiscus tóbi débi pé bí lẹ́ńsì yín bá ń sún mọ́ nǹkan dáadáa, ẹ lè ka hóró rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ hibiscus kì í lò ju ọjọ́ kan lọ, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti ká jọ. Ọgbọ́n tí mo ń dá: mo ń já a láàárọ̀ bó bá ti là tán, mo ń gbé e sínú fíríìjì, mo sì ń mú un jáde nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kò nílò omi, á ṣì là síbẹ̀. Ẹ wá fi kílíìpù ẹ̀gbọ́n yín mú un padà sórí ẹ̀ka.

Pupa ewé tí ọmọ mi fẹ́ràn yẹn, chlorophyll ló ń tu ú jáde, èròjà kan náà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ lọ́sàn-án. Ewé tó wà láàyè ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ tàbí sọ ọ́ di ooru, nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yọ jáde ní pupa. Àwọn onímọ̀ méjì, Hans Kautsky àti Hirsch, ní Jámánì, rí ohun kan lára rẹ̀ ní 1931 tó kan iṣẹ́ yín gbọ̀ngbọ̀n: bí ewé bá ti wà nínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé e, pupa rẹ̀ á ru sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣé ẹ rí i? Tọ́ọ̀ṣì funfun tí Ayàwòrán Àgbà ní kí ẹ fi wá ojú lẹ́ńsì, ó ti jí ewé sílẹ̀. Ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí bí ẹ bá lè ní sùúrù, kí ẹ sì la ojú kámẹ́rà kí UV tó bà lé ewé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣàn ewé tó bá ń tàn ní búlúù tàbí àwọ̀ ewé ṣíṣú kì í ṣe àṣìṣe yín, ara ògiri àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ti ń wá.

Òdòdó kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú, tannáposó. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan ní Múrcia, ní Sípéènì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé èròjà ìyeyè inú rẹ̀, betaxanthin, ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, ó sì ń tu àwọ̀ ewé jáde. Èròjà aláwọ̀ osùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń gbé àwọ̀ ewé yẹn mì. Nítorí náà, lára èyí tó ní ìyeyè àti osùn pọ̀, ibi ìyeyè á tàn, ibi osùn á ṣú, ó wá dà bí aṣọ àdìrẹ. Ẹ má lo 365 fún un. Tọ́ọ̀ṣì búlúù tó wà ní nǹkan bí 450 sí 470, pẹ̀lú fílítà ìyeyè lẹ́nu lẹ́ńsì kí búlúù má wọlé, ni kí ẹ lò. Ìlẹ̀kùn méjì náà ni, àwọ̀ ìlẹ̀kùn ló yí padà. Ta ni kò mọ̀ pé tannáposó gbọ́dọ̀ ní iná nínú!

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ lọ sí ọgbà o. Kí ẹ sì máa tan UV yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó kúnlẹ̀: àkekèé máa ń tàn lábẹ́ rẹ̀ ní búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, ẹ ó rí i láti òkèèrè. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa awọ dà ni kì í tàn dáadáa.

Fóònù Ni Mo Ní

Ìyá, ẹ ti lé mi kúrò nínú ọgbà pátápátá.

Ọmọ Ọlọ́gbà

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe ìdánwò ṣíbí lálẹ́ òní. Ojú mi tó wọ awò rí elésè àlùkò lára ṣíbí kedere, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi ọtí fọ̀ ọ́. Tọ́ọ̀ṣì ló ń jò. Mo yá ti ọ̀rẹ́ mi kan tó kọ 365 tó sì ní gíláàsì dúdú lẹ́nu, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ọ̀rọ̀ parí: 395 ni wọ́n tà fún mi. Pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì tí mo yá, ṣíbí dúdú nínú àwòrán, àárín hibiscus sì jáde!

Àmọ́ wàhálà tuntun dé. Àwọn nǹkan búlúù tín-ín-rín kún ojú òdòdó, bíi kòkòrò, wọ́n tàn ju lẹ́búlẹ́bú lọ. N ò rí wọn lọ́sàn-án. Òdòdó ló ń ṣàìsàn ni?

Oníná

Aṣọ wo lo wọ̀?

Ọmọ Ọlọ́gbà

Aṣọ funfun. Kí ló dé?

Oníná

Òwú aṣọ rẹ ni. Ọṣẹ ìfọṣọ ní èròjà kan tó ń mú kí funfun dà bíi pé ó mọ́ sí i. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé UV mì, ó ń tu búlúù jáde, gbogbo òwú tó bá já kúrò lára rẹ ló gbé e dání. Ìwọ alára ti di fìtílà nínú ọgbà, búlúù aṣọ rẹ ń bà lé òdòdó. Aṣọ dúdú tó bo apá, tí o kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí láti mọ̀ pé dúdú rẹ̀ dúdú lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù onírọ́bà tí a fi ń fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì, fi fẹ́ òdòdó láti ẹ̀gbẹ́, jẹ́jẹ́, kí o má baà fẹ́ lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lọ. Èyí tó bá lẹ̀, fi ẹnu búrọ́ṣì ìkunwòrán tó tín-ín-rín gbé e. Ìwé pélébé orúkọ tí wọ́n so mọ́ òdòdó náà, yọ ọ́ kúrò.

Ayàwòrán Àgbà

Kí o má sì rẹ́rìn-ín sí òdòdó, eyín náà ń tàn.

Bí o bá dé orí kọ̀ǹpútà, má fa àwọ̀ sókè. Mo ń rí àwọn tó ń fa á títí pupa ewé fi dà bí ọ̀dà ọkọ̀. Bí búlúù bá bo gbogbo rẹ̀ bí èéfín, padà lọ wo ṣíbí rẹ. Kọ̀ǹpútà ò lè dí ìlẹ̀kùn tó ń jò.

Ọmọ Ọlọ́gbà

Mo ti padà dé, ọjọ́ kẹrin rèé.

Aṣọ dúdú, awò, bàtà. Mo ya àwòrán òkùnkùn kan kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo bá iná kékeré kan nínú rẹ̀ lókè lọ́wọ́ òsì: bátìrì tí mo ń gba iná sí lójú fèrèsé. Mo lọ fà á yọ. Hibiscus inú fíríìjì ṣì là gbagada ní aago mẹ́sàn-án, Ìyá, mi ò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo fi kílíìpù mú un, ISO 400, f/8, ìṣẹ́jú àáyá ogún, mo sì kùn ún bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Ìgbà àkọ́kọ́, mo gbàgbé ọwọ́ mi sí òsì, ewé òdòdó kan funfun bí ẹfun. Ìgbà kẹta ni mo rí i mú: ewé òdòdó ṣú bí òru, ọ̀pá àárín rẹ̀ dúró gangan, orí rẹ̀ sì kún fún hóró ìyeyè róbótó-róbótó. Mo ka mọ́kànlélógún tó já bọ́ sórí ewé ìsàlẹ̀. Ṣíbí wà ní igun àwòrán, n ò rí i àfi ìgbà tí mo wá a.

Ojú Lóru, mo gbìyànjú tìrẹ náà lára tannáposó, torí òun kì í dúró jẹ́ẹ́. Tọ́ọ̀ṣì búlúù, fílítà ìyeyè, mẹ́jọ ní mẹ́rin-mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. Márùn-ún ló ṣeé lò. Ìlà ìyeyè inú rẹ̀ yọ ní àwọ̀ ewé, ibi osùn sì ṣú gẹ́lẹ́ bí Ìyá ṣe sọ. Nínú ìkẹrin, àfòpiná kan fò kọjá níwájú tọ́ọ̀ṣì, ó fa ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kan gba orí òdòdó náà lọ. Ó yẹ kí n jù ú nù, ṣùgbọ́n òun ni mo gbé sójú kọ̀ǹpútà mi.

Ojú Lóru

Gbé e wá ká rí i! Kí o sì sọ fún Ayàwòrán Àgbà pé mẹ́jọ mi ló mú un.